Ọkàn Tó Ń Lù Lórúkọ Bàbá

[Fóònù ń dún, ó ń dún, ó ń dún. Wọ́n gbé e. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Irin ń kan irin.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lóò? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, ọ̀dà ló kún ọwọ́ mi, imú ni mo fi tẹ fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán. Ṣé àlàáfíà lo wà?

ÀBÚRÒ: A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Gbogbo wọn wà. Ara ẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ara le bí irin. Ẹ tètè sọ ọ́ o, bátìrì mi ku nine percent. Tó bá jẹ́ ti òkúta ojú oórì Bàbá ni, mo ti bá ẹni tó ń gbẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ —

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe ti òkúta.

ÀBÚRÒ: — ó ní òkúta ò lè gba "bàbá rere" kó tún gba "akunlé àgbà," ká mú ọ̀kan. Mo ní kó kọ akunlé. Bàbá rere pọ̀ nílẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ni wọ́n jẹ́ bàbá rere —

Ẹ̀GBỌ́N: Ológìnní. Mo ní kì í ṣe ti òkúta.

[Afẹ́fẹ́.]

ÀBÚRÒ: Haa. Ẹ pè mí ní Ológìnní. Látìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Ta ló tún kú?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sẹ́ni tó kú. Ìyẹn gan-an ni — wò ó, níbo lo wà?

ÀBÚRÒ: Ibi iṣẹ́. Ilé alájà mẹ́rin tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní funfun làwọn fẹ́. Lójú títì! Eruku á jẹ ẹ́ kí oṣù tó parí, wọ́n á sì ní akunlé ò mọṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilẹ̀ lo wà?

ÀBÚRÒ: Ta ló ń dúró nílẹ̀ kun àjà kẹrin, Ẹ̀gbọ́n mi? Orí pákó ni mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Orí pákó. Ní àjà kẹrin.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí ni? Ẹ̀ ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ báyìí. Ohùn yín ò dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ Bàbá láyà. Èyí tí mo gbé wá fún un láti ibi iṣẹ́ wa, pẹ̀lú àpótí kékeré tó máa ń tan iná àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbo ló wà?

ÀBÚRÒ: Áà. Ìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹn-ẹn. Ìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ó wà nílé. Inú dúrọ́ọ̀ Bàbá ni mo kó o sí. Ṣé wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ ni? Ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù, màá dá a padà —

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wà nílé?

ÀBÚRÒ: Kò sẹ́nì kankan. Mo ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkàn ta ló wá ń lù nínú dúrọ́ọ̀ Bàbá?

[Afẹ́fẹ́. Irin dún lẹ́ẹ̀kan.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: O mọ iṣẹ́ mi.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń jókòó nínú yàrá tútù, ẹ máa wo ìlà ọkàn àwọn arúgbó, á máa lọ sókè, á máa lọ sódò. Bàbá ní òun ò rí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn oníwàádìí ló ni ìlà yẹn. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ọkàn àwọn kan fi ń tètè gbó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà tó wà nínú ẹ̀. A ò mọ orúkọ wọn, nọ́ńbà là ń rí. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo ti ẹbí rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ wá wo ti Bàbá.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo wò ó. Lónìí. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ní kí n kàn rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tó kù lára ẹ̀. Mo mọ ìlà Bàbá bí mo ṣe mọ ìrìn ẹsẹ̀ ẹ̀ ní kọ́ríídọ̀. Mo tẹ ibi tí recording yẹn parí sí. Mo rò pé ó máa gbé mi lọ sọ́jọ́ tó kú. Ológìnní, òní ló gbé mi wá. Ìsinsìnyí ló gbé mi wá.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a sin ín, ọkàn Bàbá ń lù lójú mi.

ÀBÚRÒ: Mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kì í bàjẹ́ ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í sùn lálẹ́ kó jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí, ó gun nǹkan. Ó gùn, ó sinmi. Ó gùn, ó sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

ÀBÚRÒ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín tó bá dalẹ́ —

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà tí mo gbé fóònù, eighty-two ló wà. Mo dárúkọ dúrọ́ọ̀, ó fò dé one-twenty-four.

ÀBÚRÒ: ...

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tún ti fò. One thirty-one. O ò tíì sọ nǹkan kan o, ó sì ti fò. Ológìnní, kí ló wà lábẹ́ ẹ̀wù ẹ?

[Afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá lọ lókèèrè.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ má pariwo mọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò ní pariwo. Jókòó. Kọ́kọ́ jókòó sórí pákó yẹn. Fi apá ẹ kọ́ irin. Ṣé o ti jókòó?

ÀBÚRÒ: Kí ló dé tí mo fi ní láti jókòó?

Ẹ̀GBỌ́N: Jókòó ná, plíìsì.

[Pákó dún.]

ÀBÚRÒ: Mo ti jókòó. Òun náà ló wà láyà mi. Àpótí ẹ̀ wà lápò ṣòkòtò. Wọ́n kó odidi páálí ohun àlẹ̀mọ́ yẹn sílẹ̀ fún Bàbá, mò ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ máa bú mi báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò bú ẹ. Gbọ́. Ọkàn ẹ ń dúró.

ÀBÚRÒ: Ó ń kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń dúró. Á máa lù, á gbàgbé, á tún rántí. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nígbà míì mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ti Bàbá ṣe máa ń dúró gan-an. Ìyẹn ni mi ò ṣe kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹlòmíì ni. Mo jókòó síbí fún ìdajì wákàtí, mò ń sunkún, mò ń sọ pé Bàbá rèé.

ÀBÚRÒ: Bàbá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún ọ̀kànlélógójì ni mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tó máa ń wo ìlà, á sì sọ ọjọ́ orí ọkàn. Ohun tuntun tí wọ́n ń wádìí nìyẹn: ọkàn ẹlòmíì máa ń dàgbà ju ẹni tó ni ín lọ. Ó ti ń wo tìẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò fura. Arúgbó ló pè é.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa wá pè mí ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Má dápàárá.

ÀBÚRÒ: Bí mi ò bá dápàárá, kí ni kí n ṣe? Mo wà lókè fíofío, ẹ ní ọkàn mi ń gbàgbé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ojú máa ń ṣú ẹ?

ÀBÚRÒ: Ó — díẹ̀. Mo rò pé òórùn ọ̀dà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Láti ìgbà wo?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá já bọ́ lórí àkàbà? Tí a gbé e wálé, tó ní pákó ló tutù, ẹsẹ̀ ló yọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rántí.

ÀBÚRÒ: Pákó ò tutù. Èmi ni mo di àkàbà mú. Ọjọ́ yẹn gbẹ táútáú. Mo ti ń rò ó láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì lè sọ ọ́.

[Afẹ́fẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Tiwa, bàbá ló gbọ̀n ọ́n. Ó ti tó. Ta ló wà nísàlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Kọnkéré ni. Bíríkìlà wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Pè é. Kó mú okùn gòkè wá bá ẹ. O ò gbọdọ̀ dá sọ̀kalẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni kí n dúró sí? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Mo ní ẹ dúró. Ẹ ò bi mí ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: O máa sọ ọ́ nílẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mi ò ní lè sọ ọ́ nílẹ̀. Tí mo bá ti dé ilẹ̀, màá parọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ológìnní —

ÀBÚRÒ: Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ tí Bàbá kú. Kí lẹ rí lójú ìlà lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: ...Òfo. Ìlà já ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó padà ní aago mẹ́ta kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni.

[Ìlà ń fọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: O ní kí ni? Ó já. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ní èmi ni! Fóònù mi ti kú. Mò ń retí ìpè ẹni tó ni ilé yìí, ilé tí mò ń kùn yìí gan-an. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wáyà kan náà ló ń gba fóònù àti àpótí. Iná àpótí ti pọ́n, bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ tán, mo rí i pé ó ti pọ́n. Mo yọ ọ́. Mo fi fóònù mi sí i. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bàbá ń sùn. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, mo jókòó, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo padà wọlé —

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti tó.

ÀBÚRÒ: Kò tíì tó. Àpótí ti kú. Bàbá náà ti kú. Mo gbé àpótí padà sí iná, ó ń ké, pìì, pìì, ó ń wá ọkàn tí á máa kà. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí i níbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Mo ṣí bọ́tìnì Bàbá, mo ṣí i kúrò láyà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi pé ó máa dùn ún. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mi. Àwọ̀ ewé tàn. Ó dákẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà, àbúrò mi.

ÀBÚRÒ: Mo jókòó tì í. Mo ní kí n máa lù fún un títí ẹ máa fi dé.

[Afẹ́fẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ẹ wá dé. A sin ín. Mi ò lè yọ ọ́. Mo fọwọ́ kàn án lóròòru pé kí n yọ ọ́. Tí mo bá yọ ọ́, iná máa kú. Tí iná bá kú, mo tún ti pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò pa ẹnì kankan.

ÀBÚRÒ: Ẹ má fi ìyẹn tù mí. Ẹ dáhùn mi. Ká ní mi ò yọ ọ́, ṣé Bàbá á ṣì wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ̀kalẹ̀, màá sọ fún ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ ọ́ kí n tó sọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ọmọ yìí! Olórí kunkun! O fẹ́ kí n sin èèyàn méjì láàárín oṣù méjì?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin ń rí ọkàn mi. Èmi ò rí tiyín. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀ ń sọ òótọ́? Ẹ dáhùn mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti di irin mú. Mi ò kúrò níbí.

[Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Ọjọ́ kejì tí a sin Bàbá, mo lọ síbi iṣẹ́. O rántí pé o bú mi, o ní kí ni mò ń sáré lọ ṣe.

ÀBÚRÒ: Mo rántí.

Ẹ̀GBỌ́N: Agogo wà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tí ọkàn bá dúró pẹ́ jù, á dún. Láago mẹ́wàá àárọ̀ yẹn, ti Bàbá dún.

ÀBÚRÒ: Ti Bàbá?

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà Bàbá. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ẹ̀rọ yìí ò láàánú, ó ń dún fún òkú. Mo ní kí wọ́n pa á, kó yéé dún sí mi létí. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Èmi. Ọwọ́ mi yìí. Ìwọ lò ń ké, Ológìnní. Ìwọ lò ń ké sí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì bo ẹnu ẹ mọ́lẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà ò mọ̀. Gbọ́ ìdáhùn. Ká ní o ò yọ ọ́, agogo lè dún. Màá pè ẹ́. Fóònù ẹ sì ti kú, o ò ní gbọ́. Àbí o lè gbọ́, kí o sáré wọlé, kí Bàbá jí. Àbí kó má jí. Mi ò mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀, mi ò sì ní mọ̀ títí mo fi máa kú. Ó dùn mí. Inú bí mi sí ẹ, mi ò ní purọ́, inú ń bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n tìẹ, mo mọ̀ ọ́n. Tìẹ, wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ àyà, tí ọkàn bá gbàgbé, á rán an létí. Omi ló dànù, agbè ò tíì fọ́. Sọ̀kalẹ̀.

[Afẹ́fẹ́.]

ÀBÚRÒ: Inú ń bí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Gan-an ni.

ÀBÚRÒ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gba yín gbọ́. Kọnkéré! Kọnkéré o!

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti tan agogo ẹ padà. Ẹni tó jókòó tì mí ń pe áńbúláǹsì, mo ti ní ilé alájà mẹ́rin, tí wọ́n ń kùn ní funfun, tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin —

ÀBÚRÒ: Kọnkéré! Kò gbọ́. Ó ń po símẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí n dìde —

Ẹ̀GBỌ́N: Má dìde! Má — Ológìnní, ó ti dúró.

[Agogo kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, líle, láìdáwọ́ dúró.]

ÀBÚRÒ: Kí ló ń dún yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ni. Di irin mú! Dì í mú! Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin —

[Ohun kan já bọ́. Ó kan irin, ó kan irin, ó balẹ̀. Ẹnì kan lọgun nísàlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ológìnní? Márùn-ún. Ológìnní! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

[Afẹ́fẹ́. Agogo.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti padà. Ó ń lù. Mò ń rí i, ó ń lù. Ológìnní, ọkàn ẹ ń lù, níbo lo wà? Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lo wà, má sọ fún mi. Rárá, sọ fún mi. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: ...Garawa ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni?

ÀBÚRÒ: Garawa ọ̀dà ló já bọ́. Èmi wà níbí. Apá mi kọ́ irin. Gbogbo nǹkan ṣú, ó wá tún mọ́.

[Agogo dákẹ́.]

KỌNKÉRÉ [láti ìsàlẹ̀]: Akunlé! Ṣé wọ́n ní kí o kun orí mi ni? Wò mí! Mo ti di òyìnbó!

ÀBÚRÒ: Kọnkéré, jọ̀ọ́, mú okùn wá! Ara mi ò yá!

KỌNKÉRÉ: Kí ló ṣe ẹ́?

ÀBÚRÒ: Mú okùn wá ná!

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó ń bọ̀?

ÀBÚRÒ: Ó ń bọ̀. Ó ń bú mi bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Tẹ́lẹ̀ kò bà mí. Ó ti wá ń bà mí báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i. Jẹ́ kó bà ẹ́, ṣùgbọ́n má gbé apá yẹn kúrò.

[Àkàbà ń dún. Mímí ẹnì kan tó sanra ń súnmọ́.]

KỌNKÉRÉ: Ojú ẹ ti funfun ju ògiri yìí lọ. Gbé apá. Jẹ́ kí n so ó mọ́ ẹ lábíyá. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi.

KỌNKÉRÉ: Ẹ káàsán mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ káàsán sà. Ẹ má jẹ́ kó já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

KỌNKÉRÉ: Mo ti so okùn mọ́ òpó. Bó bá já, òpó ló máa kọ́kọ́ wó. Èmi máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó yá.

ÀBÚRÒ: Mo fi yín sí speaker, Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi yín sápò àyà. Four percent.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo ni Bàbá ṣe kọ́ ẹ? Sọ ọ́ sí mi létí.

ÀBÚRÒ: Kojú sí àkàbà. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ kan. Má wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò ní sá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹn-ẹn. Ó yá, ọwọ́ méjì.

[Àkàbà dún. Ó dún. Ó dún.]

ÀBÚRÒ: Àjà kẹta rèé.

Ẹ̀GBỌ́N: Sinmi. Ó ń lọ geere. One-ten. Sinmi ná.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má dákẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò dákẹ́. Lù. Lù. Lù. Ó ń lù. Máa bọ̀.

[Àkàbà dún. Ìlà ń fọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Ohùn ẹ ti lọ. Mi ò gbọ́ ẹ mọ́, mo ṣì ń rí ẹ. Ṣé o gbọ́ mi? Lù. Lù. Ó ti sáré díẹ̀, ìyẹn ni pé o tún ti ń sọ̀. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ kan. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àkàbà yẹn mú —

ÀBÚRÒ: — kejì. Mo ní àjà kejì rèé! Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sẹ́nì kan. Máa bọ̀.

[Àkàbà dún, ó dún, ó dún. Iyanrìn gba ẹsẹ̀.]

KỌNKÉRÉ: Ó ti balẹ̀ o, mà. Ó ti balẹ̀.

[Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ni mo wà. Ẹ má sunkún. Inú ọ̀dà ni mo jókòó sí, gbogbo ìdí mi ti funfun.

Ẹ̀GBỌ́N: Dùbúlẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ sókè sórí nǹkan. Áńbúláǹsì ti gbéra. Ìṣẹ́jú méjìlá, wọ́n ní. Kí Kọnkéré lọ dúró lójú títì kí wọ́n lè rí i.

KỌNKÉRÉ: Bí mo ṣe rí yìí, ta ni ò ní rí mi? Mo ti ń lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó fún mi ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀ —

ÀBÚRÒ: Kì í mú un wá síbi iṣẹ́. Símẹ́ńtì ti jẹ méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni?

ÀBÚRÒ: Àpótí ti pọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Pọ́n bí báwo?

ÀBÚRÒ: Iná ẹ̀ ti pupa. Mo gbàgbé, mi ò fi sí iná lálẹ́ àná. Fóònù náà ku one percent.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé iná wà níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri tó wà lẹ́yìn mi. Wáyà mi wà nínú báàgì, ọwọ́ mi tó o.

Ẹ̀GBỌ́N: Wáyà mélòó?

ÀBÚRÒ: Ẹyọ kan. Òun kan náà yẹn.

[Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá.]

Ẹ̀GBỌ́N: Fi fóònù sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Fi fóònù sí i. Wọ́n ti ń bọ̀, àpótí ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹ mọ́. Ohùn ẹ ni mo fẹ́. Jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn ẹ, jọ̀ọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ológìnní!

ÀBÚRÒ: Fóònù ni mo fi sí i lọ́jọ́ yẹn.

[Báàgì ṣí. Nǹkan kékeré kan wọ ara ògiri.]

ÀBÚRÒ: Mo ti fi àpótí sí i. Ó ti di àwọ̀ ewé. Ṣé ẹ rí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i. Ó ń — ó ń lù.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa wò mí o. Ẹ má gbójú kúrò.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbé e. Mi ò ní gbé e.

ÀBÚRÒ: Kí ẹ sì yọ nọ́ńbà Bàbá kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Èmi ni mò ń lù. Ẹ fi tè—

[Ìpè já.]